Bí Ìsanra Bá Padà Dé, Ta Ló Jẹ̀bi?

Ẹ ti rí irú fọ́tò yẹn rí. Méjì ni wọ́n máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ti apá òsì, ẹni náà sanra, aṣọ fún un pinpin, ojú rẹ̀ kò fẹ́ wo kámẹ́rà. Nínú ti apá ọ̀tún, ara ti fúyẹ́, ṣòkòtò àtijọ́ ti fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè wọ inú rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu. Nísàlẹ̀, gbogbo èèyàn ń kí i: "Congrats o! Ẹ kú oríire!" Fọ́tò kẹta ni a kì í sábà rí, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nígbà tí díẹ̀ nínú ẹran ara tó lọ ti ń padà bọ̀. Ẹni tó ni ín kò ní gbé e síta. Ó ti mọ ohun tí a máa sọ.

A máa sọ pé, "Ṣebí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un? Gbogbo owó yẹn! Ó ti padà sí àárọ̀. Wọ̀bìà ni." Àwọn tó láàánú díẹ̀ á sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu ni." Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Èkejì kàn ní ṣúgà nínú ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: bí èèyàn bá ṣiṣẹ́ abẹ láti dín ìsanra kù, tí ìsanra náà sì ń padà dé, ṣé òun ló jẹ̀bi? Tí kì í bá ṣe òun, ṣé a wá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án rárá ni?

Èmi kì í ṣe dókítà. Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì, sọ́fíwíà ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa náà, wíwá ìdí tí ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá kò fi ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti rí i pé ọ̀nà tí èèyàn gbà béèrè "kí ló fà á?" lè sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n, ó sì lè sọ ọ́ di òǹrorò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí jẹ́. Kì í ṣe BBL o, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń fa ọ̀rá jáde lára. Àpòlúkù ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ìyẹn àpò inú tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí. Ní 1966, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Edward Mason ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní gastric bypass. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí, wọ́n á ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á so ó mọ́ ìfun, oúnjẹ á wá máa fo ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé àpòlúkù náà dànù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, èyí tó bá kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àyè oúnjẹ ti kéré. Ìyẹn kọ́ ló pọ̀ jù. Àpòlúkù àti ìfun máa ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jàpáànù gbé ìròyìn ghrelin jáde, họ́mọ́nù kan tó ń ti inú àpòlúkù sáré lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá. Apá tí ghrelin ti ń wá jù lọ gan-an ni sleeve máa ń gé kúrò. Bypass ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìfun tú àwọn họ́mọ́nù mìíràn jáde, àwọn tó ń sọ pé "ó tó, mo ti yó." Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ṣe é fún kì í kàn í ṣe ẹni tí àyè inú rẹ̀ kéré, ní ọdún àkọ́kọ́, ebi pàápàá kì í pè é bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ abẹ yìí ń dín ariwo ebi kù, kí ọ̀rọ̀ mìíràn lè ráyè wọlé.

Kí ló wá dé tí ariwo náà ń padà? Ẹ wo tánkì omi tó wà lókè ilé yín. Fùlóòtì kan wà nínú rẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀, fùlóòtì á lọ sílẹ̀, pọ́ńpù á tan ara rẹ̀, omi á tún kún padà. O lè ṣí ẹ̀rọ omi látàárọ̀ dalẹ́, níwọ̀n ìgbà tí fùlóòtì bá ṣì wà níbi tí wọ́n so ó mọ́, pọ́ńpù á máa dá omi padà (bí NEPA bá gbà, ṣá). Ara èèyàn náà ní irú fùlóòtì yìí. Tí èèyàn bá sọ kílò púpọ̀ nù, ara kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàn ni ara rò pé ó mú. Á dín agbára tó ń lò kù, á sì fi kún ebi.

Ẹ̀rí èyí wà níta gbangba. Ní Amẹ́ríkà, ètò tẹlifíṣọ̀n kan wà tó ń jẹ́ The Biggest Loser, níbi tí àwọn èèyàn ti ń díje láti mọ ẹni tó máa fọn jù. Kò sí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Eré ìdárayá àti oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n ni. Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé 14 nínú àwọn tó díje ní 2009, wọ́n sì tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún 6. Ní àròpọ̀ tí wọ́n pín dọ́gba, kálukú ti sọ kílò 58 nù nígbà ìdíje. Kílò 41 nínú rẹ̀ ti padà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé, lẹ́yìn ọdún 6 yẹn, ara wọn ṣì ń jó nǹkan bíi kálórì 500 dín lóòjọ́ sí ohun tó yẹ kí ara tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa jó. Ṣé àwọn wọ̀nyí ni kò níjàánu? Àwọn tó ń làágùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́ níwájú gbogbo ayé? Ara wọn kò gbàgbé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ ń ṣe ni pé ó ń so fùlóòtì náà mọ́ ìsàlẹ̀. Kì í já a dànù. Ní Sweden, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1987 tó kó èèyàn tó ju 4,000 lọ jọ. Nǹkan bí ìdajì ṣiṣẹ́ abẹ, ìdajì yòókù gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn tó ṣe bypass ti sọ ìdá 32 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn nù. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, ó ti di ìdá 25. Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ikú sì dín láàárín àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ abẹ yìí kò wúlò, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: láti 32 sí 25. Ti gbogbo wọn lápapọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe ti ọ̀lẹ àárín wọn. Kí díẹ̀ padà jẹ́ ara bí nǹkan náà ṣe ń rí.

Díẹ̀, mo ní. Ta ló wá ń sọ pé díẹ̀ ti di púpọ̀? Ibi yìí ni èmi oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí a mọ̀ pé ibi tí o bá fa ìlà sí ló máa sọ iye tó máa jáde fún ọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, tẹ̀ lé èèyàn 1,406 tó ṣe bypass. Ọdún 5 lẹ́yìn tí kálukú fúyẹ́ dé ibi tó lè fúyẹ́ dé, wọ́n béèrè pé: mélòó ló ti sanra padà? Bí ìlà bá jẹ́ "ẹni tí BMI rẹ̀ fi 5 lọ sókè," ìdáhùn ni ìdá 43.6 nínú 100. Bí ìlà bá jẹ́ "ẹni tó fi ìdá 15 kún ìwọ̀n tó kéré jù," ó di 50.2. Bí ó bá jẹ́ "ẹni tó gba ìdá 20 nínú ohun tó sọ nù padà," ó di 67.3. Àwọn èèyàn kan náà, ara kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìlà nìkan ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ẹnì kan. Ó ga tó mítà 1.70, ó wọ̀n kílò 140 kó tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó fúyẹ́ dé 90. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó di 102. Kílò 12 ti padà. Nínú 50 tó sọ nù, 12 jẹ́ ìdá 24, nítorí náà, lójú ìlà kẹta, ó ti sanra padà. Lójú ìlà kejì, kò tíì rí bẹ́ẹ̀, torí pé 12 kò tó ìdá 15 nínú 90. BMI rẹ̀ náà kò fi 5 lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ti kùnà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn kò kà á mọ́ wọn. Síbẹ̀, ó ṣì fi kílò 38 fúyẹ́ ju ìgbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Èwo nínú èyí ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ máa rí ní ojúde ìyàwó? Kílò 12 ni.

Ó dáa, gbogbo èèyàn kọ́ ló ń gba iye kan náà padà. Àwọn kan dúró digbí, àwọn kan padà gan-an dé ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn dókítà ń wá ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì ti rí púpọ̀. Àwọn àgbà wa ní kálukú ló yan orí kó tó wáyé, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀: orí tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè rìn dé ibi tó ń lọ. Orí ni ìpín, ẹsẹ̀ ni akitiyan. Èmi á fi ẹ̀kẹta kún un, ìyẹn ayé: àwọn èèyàn tó yí wa ká, àti ibi tí ẹsẹ̀ náà ń rìn.

Ti orí nìyí. Ohun tí èèyàn jogún lára bàbá àti ìyá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bó ṣe sanra tó kó tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn wà níbẹ̀. Àìsàn kan tún wà tó máa ń jẹ́ kí èèyàn jẹun kọjá ààlà láàárín ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń bu òkèlè náà. Oògùn pàápàá wà níbẹ̀: ínsúlíìnì, àwọn oògùn sitẹ́rọ́ìdì, àti àwọn kan nínú oògùn àìsàn ọpọlọ lè mú ara wọ̀n sí i. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ sì ní orí tirẹ̀: àpò kékeré yẹn lè fẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ìfun lè là ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà mìíràn pàápàá ihò lè lu láàárín àpò tuntun àti àpòlúkù àtijọ́, kí oúnjẹ wá tún máa gba ọ̀nà àtijọ́. Ìjàánu wo lèèyàn fẹ́ fi dí ihò yẹn?

Ti ẹsẹ̀ náà wà, mi ò ní fi pamọ́. Olórí rẹ̀ ni jíjẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àpò kékeré kò lè gba abọ́ ìyẹ̀fun kan lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ó lè gba chin-chin, ẹ̀pà àti bisikíìtì ní ìgbà ogún. Ohun mímu aládùn tún wà: mínírà àti màlítì kì í dúró níbẹ̀ rárá, ńṣe ni wọ́n ń ṣàn kọjá, ẹni tó mu ún kò sì ní mọ̀ pé òun ti yó. Ọtí ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣe bypass, ó sì máa ń di ìṣòro fún àwọn kan tí kò jẹ́ ìṣòro fún tẹ́lẹ̀. Jíjókòó sójú kan wà níbẹ̀. Àìpadà sọ́dọ̀ dókítà wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn, torí mo máa padà sí i.

Ó wá ku ayé. Ẹ ronú nípa ẹ̀gbọ́n kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní London, tó ń sùn ní ọ̀sán, tó ń jẹ ohun tó bá rí nínú bọ́ọ̀sì. Àìsùn dáadáa máa ń fi kún ebi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kí ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ abẹ fi ọdún 2, ó kéré tán, tọ́jú ẹni náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn tán, àyẹ̀wò ọdọọdún ló kù. Ẹ rántí ìwádìí Sweden: lẹ́yìn ọdún kan sí méjì ni ìsanra ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìgbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbun gan-an ni ẹni tó di èèyàn lọ́wọ́ mú ń dẹ ọwọ́. Nílé níbí, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa fi ń sanwó ìtọ́jú. Ẹni tó tu gbogbo owó rẹ̀ jọ fún iṣẹ́ abẹ, ibo ló ti fẹ́ rí owó tí yóò fi máa lọ rí dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ fún ọdún mẹ́wàá, tí yóò sì máa ra fítámì títí ayé?

Àwa fúnra wa náà wà nínú ayé yẹn o. Ní ọdún àkọ́kọ́, a ní, "Ó ti rù o! Ṣé kò sí? Àìsàn wo nìyẹn?" Tó bá dé òde àríyá, tó sọ pé òkèlè mẹ́ta ti tó òun, ẹni tó se oúnjẹ á fa ojú ro: "Ṣé oúnjẹ mi ò dùn ni?" A bu ẹran kún un. A di ìyókù fún un lọ sílé. Nígbà tó wá sanra padà, àwa kan náà ni, "Ẹ wo orobo! Kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu."

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń ṣe irú ọ̀rọ̀ báyìí níbi iṣẹ́ tiwa. Bí server bá kú lóru, tí a jí i tán, a máa ń kọ ìwé kan tí à ń pè ní post-mortem. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé a kì í kọ èèyàn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí. O kò lè kọ pé, "Ó kú torí pé Ṣẹ́gun kò fara balẹ̀." O ní láti béèrè: kí ló dé tí àìfarabalẹ̀ ẹnì kan fi lè pa gbogbo rẹ̀? Ibo ni ìkìlọ̀ yẹ kó ti dún? Ta ló yẹ kó gbọ́? Kì í ṣe torí pé àwa jẹ́ ọmọlúàbí ju àwọn ẹlòmíràn lọ la ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ torí pé, lọ́jọ́ tí ẹ bá ti dá Ṣẹ́gun lẹ́bi, ìwádìí ti parí, ohun tó fà á gan-an ṣì wà níbẹ̀, á sì tún ṣẹlẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé, nígbà mìíràn, Ṣẹ́gun kò ní sọ fún yín. Á rọra tún un ṣe lábẹ́lẹ̀ títí ọwọ́ kò fi ní ká a mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí pẹ̀lú ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó gun òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé kílò 3 ti padà. Ọjọ́ tó yẹ kó pe ilé ìwòsàn nìyẹn. Wọn ì bá wo inú rẹ̀ bóyá ojú ibi tí wọ́n so ti là jù, wọn ì bá pààrọ̀ oògùn tó ń mú ara wọ̀n, wọn ì bá wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ̀wẹ̀sì, wọn ì bá fi oògùn ìdín-ebi-kù kún un. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹnu wa. Ó rántí pé wọ́n máa gbé e lé òṣùwọ̀n níwájú nọ́ọ̀sì. Ó ní òun á kọ́kọ́ fúyẹ́ díẹ̀ ná kí òun tó lọ. Kò lọ. Kílò 3 di 8, 8 di 20. Mo ní kí ẹ rántí àìpadà sọ́dọ̀ dókítà. Ìtìjú wà lára ohun tó ń fà á, àwa la sì ń ta ìtìjú yẹn lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀bi tí à ń dá èèyàn ti fúnra rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń dá ìsanra padà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ. "Bọ̀dá, tí a bá ń sọ pé kò jẹ̀bi, ṣé kì í ṣe pé à ń fún un láyè kó máa jẹ chin-chin lọ?" Ìbéèrè gidi ni. Òmíràn tún ni pé, "Lágbájá ṣe irú rẹ̀, ó ń sáré ní aago márùn-ún ìdájí, kò padà. Ṣé lásán ni ti òun?"

Kì í ṣe lásán. Ẹ jẹ́ ká yìn ín, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n yíyin ẹni tó gun òkè kò sọ pé ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lábẹ́ òkè ṣẹ̀. A kò mọ ohun tí orí gbé lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí, a kò sì mọ iye ebi tó ń pariwo nínú ikùn ẹlòmíràn. Kò sí òṣùwọ̀n tó ń wọn ìyẹn lójú agbo.

Ní ti àyè, ohun méjì la dà pọ̀: ẹ̀bi àti ojúṣe. Bí ìjì bá ṣí òrùlé ilé rẹ, o kò jẹ̀bi ìjì. Síbẹ̀, ilé rẹ ni. Ìwọ ni wàá pe káfíńtà, ìwọ ni wàá wá páànù, tí o bá sì jókòó tí o ní "èmi kọ́ ni mo fa ìjì," òjò á rọ̀ sí ọ lórí. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí yóò nà. Ojúṣe ń wo iwájú, ó ń wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Èèyàn lè má jẹ̀bi rárá kó sì ní ojúṣe tó pọ̀. Ojúṣe náà sì ṣeé pín: aládùúgbò lè yá ọ ní àkàbà, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó ṣí òrùlé.

Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí bàbá yín bá ń lo oògùn rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀, tó wá dá oògùn dúró, tí ẹ̀jẹ̀ tún ru, ẹ kì í pè é ní wọ̀bìà. Ẹ máa ní, "Bàbá, ẹ padà sídìí oògùn yín." A gbà pé àìsàn tí kì í lọ ni, tó ń fẹ́ ìtọ́jú tí kì í parí. Ìsanra náà ń hùwà bẹ́ẹ̀. Kódà àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tó gbòde báyìí, bíi semaglutide, ìwádìí fi hàn pé lọ́dún kan lẹ́yìn tí àwọn èèyàn dá a dúró, wọ́n ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù padà. Ìtọ́jú dúró, àìsàn padà. Ibo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Ẹni tí ìsanra padà sí lára kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ojúṣe wà lọ́rùn rẹ̀: kó máa wọn ara rẹ̀, kó máa lo fítámì rẹ̀, kó jìnnà sí mínírà, kó sì pariwo síta nígbà tó ṣì jẹ́ kílò 3. Ojúṣe wà lọ́rùn oníṣẹ́ abẹ pẹ̀lú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kó sọ fún èèyàn kó tó gbowó rẹ̀ pé fọ́tò kejì kọ́ ni òpin ìrìn àjò, pé díẹ̀ sábà máa ń padà, kó sì sọ iye tí ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá máa ná an. Èyí tó kù wà lọ́rùn tiwa tí a jọ ń jẹun. Kí òkèlè mẹ́ta tó o nígbà tó bá ní ó tó. Kí ẹnu wa má sì jẹ́ ohun tó ń lé e sá fún ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá wà báyìí tó ti ń fi ṣẹ́ẹ̀tì ńlá bo ara, tí kò yà fọ́tò mọ́, ẹ má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ń jẹ. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló rí dókítà rẹ̀ kẹ́yìn. Tó bá ní ó ti pẹ́, ẹ bi í bóyá kí ẹ jọ lọ.